"Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe": bí òbí ṣe lè wo Descendants pẹ̀lú ọmọ tó ń bàlágà

Òbí Yorùbá wo ni kì í sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ bá gbé àpótí tó fẹ́ lọ máa gbé ní ilé ìwé? Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe. Nínú Descendants, fíìmù olórin tí Disney Channel kọ́kọ́ gbé jáde ní July 31, 2015, irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni ìyá kan fi sin ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde nílé. Àmọ́ òṣìkà paraku ni ìyá yẹn, iṣẹ́ olè ló sì rán ọmọ. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni fíìmù náà dúró lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ló sì jẹ́ kó yẹ kí òbí jókòó wò ó, dípò kó kàn tan tẹlifíṣàn fáwọn ọmọ kó bá tirẹ̀ lọ.

Òbí tó wà n'Íbàdàn, tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín JSS 1 sí SS 2, la kọ ìtọ́nà yìí fún. Bí ọmọ ọdún 10 sí 15 nìyẹn. Ọjọ́ orí yẹn ni ọmọ máa ń bi ara rẹ̀ pé ta ni mo jẹ́ gan-an, òbí rẹ̀ ló sì máa ń bi kẹ́yìn.

Ìtàn náà

Ọba tó ń jẹ́ Beast gbé Belle níyàwó, ó kó gbogbo ìlú inú àlọ́ òyìnbó sábẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Auradon, ó sì lé gbogbo òṣìkà lọ sí erékùṣù kan, Isle of the Lost, níbi tí idán kankan kì í ti í jẹ́. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Ben ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gorí oyè ní àṣẹ àkọ́kọ́ tóun máa pa ni pé káwọn ọmọ òṣìkà wá kàwé láàárín àwọn ọmọ ọba. Mẹ́rin ni wọ́n mú: Mal, ọmọ Maleficent, Evie, ọmọ Evil Queen, Jay, ọmọ Jafar, àti Carlos, ọmọ Cruella de Vil. Maleficent wá rán wọn pé kí wọ́n jí ọ̀pá idán Fairy Godmother, kóun lè fi gbàjọba. Kenny Ortega ló darí fíìmù náà, Dove Cameron ló sì ṣe Mal.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí ìhòòhò, kò sí èébú burúkú. Ibi kan ṣoṣo tó lè dẹ́rù ba ọmọ kékeré ni apá ìparí tí Maleficent ti di dírágónì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, ẹ gbé e jókòó sórí ẹsẹ̀ nígbà yẹn, tàbí kẹ́ ẹ rí i pé ó ti sùn.

Bí ẹnì kan nílé bá ní eré olórin tó kún fún iwin kì í ṣe tiwa, ẹ rán an létí pé Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi Ọ̀mùtí ṣeré ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, láti inú ìwé Amos Tutùọlá, tòun tìlù tòun torin. Kí tẹlifíṣàn tó dé sì ni àlọ́ ti ń fi orin sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè dé. Bí fíìmù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Níbi tí ọmọ inú rẹ̀ kò bá ti lè sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó máa kọ ọ́ lórin. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sáré fo àwọn orin kó lè mọ ibi tí ìtàn ń lọ, ìtàn gan-an ló ń fò.

Kẹ́ ẹ tó tan án

Ẹ kọ́kọ́ dá wò ó. Bíi wákàtí méjì ni. Bí àyè kò bá gbà yín, ẹ wo ibi mẹ́ta péré: ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi táwọn ọmọ ti wọ mọ́tò, ọjọ́ tí òbí ń wá sílé ìwé, àti ìgbàdé Ben. Òbí tí kò bá tíì rí ibi mẹ́ta yìí á máa bá ọmọ ṣe ìyanu pọ̀, á sì gbàgbé ohun tó tìtorí rẹ̀ jókòó.

Ẹ mú ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kánjú. Ọ̀sán Sátidé dára. Ìrọ̀lẹ́ Sunday kò dára, torí aṣọ ilé ìwé wà láti lọ̀, bàtà wà láti kùn, ọmọ ti ń ronú Mọ́ńdè. Ẹ ka wákàtí mẹ́ta sílẹ̀: méjì fún fíìmù, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò kò yẹ rárá.

Bó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti fẹ́ wò ó, àwòrán tí kò mọ́ jù máa ń jẹ nǹkan bíi 1GB ní wákàtí kan, èyí tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3GB. Láti 2GB sí 6GB nìyẹn fún odindi. Bí ibi tẹ́ ẹ ti rà á bá gbà yín láyè láti gbé e sórí fóònù ṣáájú, ẹ gbé e lóru tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já geere. Kò sí ohun tó ń pa ọ̀rọ̀ bíi kí àwòrán dúró tó ń yí bírí bírí lójú gbogbo ènìyàn.

Ti iná ńkọ́? Tẹlifíṣàn LED oní-íńṣì 32 ń jẹ bíi wáàtì 50, ẹ̀rọ ohùn kékeré bíi 30, fáànù onídùúró bíi 60. Wáàtì 140 nìyẹn, bí wákàtí mẹ́ta bá sì pé, ó ti di bíi wáàtì-wákàtí 420. Bátìrì olómi 12V tó jẹ́ 100Ah gbà tó wáàtì-wákàtí 1,200, àmọ́ ìdajì rẹ̀ nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ lò kó má bàa tètè bàjẹ́. Ìyẹn ni pé yóò gbé e, bí ẹnikẹ́ni kò bá lọ ki áyọ́ọ̀nù bọ ojú iná. Jẹnẹrétọ̀ lè gbé e lóòótọ́, àmọ́ bó bá wà lẹ́yìn fèrèsé pálọ̀, ẹ kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin, inú orin sì ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹ tan ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Amẹ́ríkà yára, inú orin ló tún wá yára jù. Ọmọ ò ní í sọ pé òun ò gbọ́. Á kàn máa rẹ́rìn-ín nígbà táwọn tó kù bá rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó máa wà ní pálọ̀ wá ńkọ́? Màmá àgbà lè wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, torí ìbéèrè tí wọn á máa bi ("Èwo nìyẹn nínú wọn? Kí ló ṣe é tó ń sunkún?") á jẹ́ kí ọmọ máa ṣàlàyé, ẹni tó bá sì ń ṣàlàyé ti ń ronú. Ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ni ọmọ àbúrò yín tó wá lo họlidé tó sì máa ń fi ọmọ yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún 13 kò jẹ́ la ẹnu níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Gúgúrú àti ẹ̀pà tó fún ìpanu. Ẹ fi abọ́ jẹ ẹ́. Ariwo ọ̀rá ń bo ohùn mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ idán

Ọ̀pọ̀ òbí, ìbáà jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì tàbí onímọ́ṣáláṣí, ibí ni wọ́n ti máa ń sọ pé ká pa á. Ẹ wo ohun tí fíìmù náà ń ṣe pẹ̀lú idán dáadáa. Ní Auradon, wọ́n ti gbé idán tì. Inú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ọ̀pá idán wà, Fairy Godmother fúnra rẹ̀ di ọ̀gá ilé ìwé, ó sì ń lé àwọn ọmọ sídìí ìwé kíkà. Ẹni tó bá fi idán wá ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú ìtàn náà, ó máa ń bà á lọ́wọ́ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa lò. Ẹ má pe Maleficent ní àjẹ́. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ìyá arúgbó gidi ládùúgbò nìyẹn, tí wọ́n sì ń torí rẹ̀ fìyà jẹ wọ́n. Òṣìkà, tàbí onídán, tó o. Ọ̀pá idán ni ọ̀pá idán. Bí ọmọ bá bi yín bóyá òótọ́ ni, ẹ sọ fún un pé àlọ́ ni, bí Ìjàpá ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú àlọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tìtorí ẹ̀ lọ bá ìjàpá sọ̀rọ̀ nígbó.

Ibi tẹ́ ẹ ó ti dá a dúró, àti ibi tẹ́ ẹ ó ti panu mọ́

Ẹ má dá a dúró ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Bó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọ ti mọ̀ pé kíláàsì lẹ gbé wá sí pálọ̀, ìdáhùn tó bá sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ lá máa fún yín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Mal já súìtì gbà lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́. Ìyá rẹ̀ dé, ó ní ìyẹn kéré, ó jáni kulẹ̀. Ọmọ ní, àmọ́ ọmọ ọwọ́ lòun ti gbà á. Inú ìyá bá dùn. Èèyàn lè rẹ́rìn-ín kọjá níbẹ̀ kó má sì rí i pé ibẹ̀ ni ojúlé ìtàn: ọmọ tó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá fún ìyá kó lè yìn ín, tó sì jẹ́ pé ibi ni ohun tí ìyá ń yìn. Ẹ má dá a dúró. Ẹ kàn fi sọ́kàn, kẹ́ ẹ bi í lẹ́yìn fíìmù: "Kí lo máa ń ṣe nílé yìí torí pé o fẹ́ kí n yìn ọ́ nìkan?" Ẹ múra sílẹ̀ de ìdáhùn. Ọmọ kan lè ní sáyẹ́ǹsì lòun ń ṣe torí yín.

Ilé ìdáná ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dá a dúró. Mal fẹ́ fi bisikí ṣe òògùn ìfẹ́ fún Ben, kó lè jókòó nítòsí ọ̀pá idán lọ́jọ́ ìgbàdé. Ó nílò omijé ènìyàn kan. Lonnie, ọmọ Mulan, wọlé, ó ń sọ bí ìyá òun ṣe máa ń fún òun ní bisikí gbígbóná bí inú òun bá bàjẹ́. Ó wo ojú wọn, ó rí i pé kò yé wọn. Ìyá wọn kò ṣe irú ẹ̀ rí. Omijé bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Ó ti rò pé òṣìkà náà á ṣì fẹ́ràn ọmọ tirẹ̀. Ìbéèrè kan péré: "Tí inú ẹ bá bàjẹ́, kí lo máa ń fẹ́ kí n ṣe?" Ẹ má dá ara yín láre, ẹ má ka owó ilé ìwé tẹ́ ẹ ti san. Ohun tó bá sọ, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Bó bá ní "Kò sí," ẹ tan fíìmù padà. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kẹta ló máa tó dáhùn.

Òògùn ìfẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ nílò ọ̀rọ̀, fíìmù náà kò sì mú un le tó. Ben jẹ bisikí, orí rẹ̀ dàrú, ó dìde lórí pápá ìṣeré ó ń kọrin ìfẹ́ níwájú gbogbo ilé ìwé. Orin náà dùn, gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, omi adágún kan fọ idán náà kúrò lára rẹ̀, nígbà tó sì yá ó sọ fún Mal pé òun ti mọ̀, kò sì bínú. Ayé gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ọkùnrin àti obìnrin yín ní kedere: ẹni tí nǹkan ti wọ orí rẹ̀ kò lè sọ pé òun gbà, ẹni tó bá fi nǹkan sí oúnjẹ tàbí ohun mímu ẹlòmíràn ti ṣe ibi, ì báà jẹ́ eré ló pè é. Ní òde àríyá, ife tí ojú bá ti kúrò lára rẹ̀, ẹ má mu ún mọ́, ẹ gba òmíràn. Igò tí ẹlòmíràn ti ṣí kó tó dé ọwọ́ ẹ, ẹ má gbà á. Ìṣẹ́jú méjì tó fún èyí. Ẹ sọ ọ́ lẹ́yìn orin, kí wọ́n jẹ́gbádùn ẹ̀ ná.

Evie ní dígí idán kékeré tó ń fi ìdáhùn hàn án ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹwà ni iṣẹ́ obìnrin, pé kó wá ọmọ ọba fẹ́. Nígbà tí dígí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó ṣe ìdánwò, ó sì yege. Orí pé ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Òbí tó bá ti ń bẹ̀rù ìwé jíjí wò nínú ìdánwò WAEC kò nílò ká ṣàlàyé ju báyìí lọ. Ti Jane, ọmọ Fairy Godmother, jọ ọ́: ó fẹ́ kí idán yí irun òun padà, kó tún yí ojú òun padà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ń fi ìpara ìbóra pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí kò lè gbé fọ́tò kan síta láìjẹ́ pé fóònù kọ́kọ́ tún ojú rẹ̀ ṣe, yóò rí i pé ọmọ náà dákẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí Mal bá jókòó létí adágún tó ń dá kọ "If Only", kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, àní kí ẹ má wo ojú ọmọ yín. Òun náà lè máa gbọ́ ara rẹ̀ nínú orin yẹn.

Ọjọ́ tí òbí ń wá sílé ìwé

Bí àyè ibì kan ṣoṣo bá wà fún yín láti dá fíìmù náà dúró, ibí ni. Gbogbo ọmọ ọba ni òbí wọn wá. Ìyá àgbà kan, Queen Leah, rí Mal, ẹ̀rù bà á, ó ṣe bí ẹni pé Maleficent ló rí. Ó wá tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde: ègún Maleficent kò jẹ́ kóun tọ́ ọmọ òun Aurora, òun kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rìn. Gbogbo ènìyàn kọjú ìjà sáwọn ọmọ mẹ́rin náà, àwọn tó ń bá wọn rẹ́rìn-ín lánàá sì takété.

Àṣìṣe òbí níbí ni kí wọ́n sọ pé Queen Leah burú. Kò burú. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣe é san. Ẹni tó ń bínú sí ni kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ bá lè di ohun méjèèjì yìí mú lẹ́ẹ̀kan náà, pé ìbínú náà tọ́ àti pé kò tọ́ sí Mal, ó ti rí nǹkan tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò rí. Ẹ bi í: "Kí ni màmá yẹn ì bá ṣe?" Ẹ jẹ́ kó ronú. Ẹ má fún un ní ìdáhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá bi í èyí tó le: "Ṣé ọmọ kan wà ní kíláàsì yín tí wọ́n ń sọ pé kí ẹ má bá ṣeré torí bàbá rẹ̀ tàbí ilé tó ti wá?" Bó bá ti dárúkọ, ẹ lè rí i pé ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún un pé kó má lọ sílé yẹn. Ó ṣẹlẹ̀. Ẹ gbà pé ẹ sọ ọ́.

Ilé onígbàgbọ́ lè ṣí Esekiẹli orí 18, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí wọ́n má pa òwe yẹn mọ́, pé bàbá ló jẹ èso àjàrà kíkan tí eyín ọmọ fi kan. Ilé mùsùlùmí lè ṣí Súrà Al-An'ām, ẹsẹ 164, pé ẹlẹ́rù kan kò ní í ru ẹrù ẹlòmíràn. Ilé tó ní méjèèjì, irú èyí tó pọ̀ n'Íbàdàn, lè ka méjèèjì. Àlọ́ Olúrónbí sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn tó kù jẹ̀jẹ́ ewúrẹ́, wọ́n jẹ̀jẹ́ àgùntàn, Olúrónbí jẹ̀jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹnu ìyá ni ẹ̀jẹ́ ti jáde, ọmọ ló sì wá san án lọ́dọ̀ Ìrókò. Mal náà ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń rù kiri gbogbo fíìmù náà. Bí Màmá àgbà bá wà níjokòó, ẹ ní kí wọ́n gbe orin rẹ̀.

Ìgbàdé, àti ọmọ tó kọjú sí ìyá rẹ̀

Jane ló já ọ̀pá idán gbà níkẹyìn, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ààbò tó yí erékùṣù ká fọ́. Ọ̀pá dé ọwọ́ Mal. Ó dúró láàárín ìyá tó rán an àti àwọn ọ̀rẹ́ tó ti rí. Ó ka ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti rí: Jay ti rí ẹgbẹ́ eléré tó lè bá ṣe pọ̀ dípò kó máa jalè, Carlos tí wọ́n kọ́ pé ajá ń pani jẹ ti rí ajá kan fẹ́ràn, Evie ti rí i pé òun gbọ́n. Ó ní àwọn kì í ṣe òbí àwọn.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ Ìbàdàn máa ń wúlò. Ben di ọba torí ọba ni bàbá rẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín bóyá báyìí la ṣe ń jẹ Olúbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ pé n'Íbàdàn, kò sí àrẹ̀mọ tó ń jókòó de ìtẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá di Mọ́gàjí agbo ilé rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó ń gun oyè lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìlà Balógun tàbí ìlà Ọ̀tún, títí tó fi máa kàn án. Ìlú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àgọ́ ogun ni ní 1829. Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló kóra jọ síbẹ̀, ọmọ àwọn àlejò yẹn ló di ọmọ a jòrò sùn, ọmọ a jẹ ìgbín yó, tó ń fi ìkarahun fọ́rí mu. Ọmọ tó bá ń rò pé ohun tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn nìkan ni ènìyàn jẹ́, ẹ jẹ́ kó ti ibí yìí rò ó wò.

Maleficent wá di dírágónì, àwọn ọmọ sì dojú kọ ọ́. Ó máa ń ṣòro fún òbí Yorùbá láti wo ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ jà, àwọn kan sì máa ń pa tẹlifíṣàn. Ẹ má pa á. Mal kò pa ìyá rẹ̀. Maleficent sún kì di alángbá kékeré, ìwọ̀n ìfẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀, wọ́n sì ní ó ṣì lè dàgbà. Ẹ sọ ibi tí ilé yín dúró láìlọ́ ọ lọ́rùn: àṣẹ òbí wà, àmọ́ bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ bá rán ọmọ níṣẹ́ ibi, ọmọ lè sọ pé rárá, kó sì wá sọ fún ẹlòmíràn. Bí ọmọ bá torí èyí ṣí ohun tó wúwo payá, pé ẹnì kan ń fọwọ́ kan òun tàbí ń lu òun, fíìmù ti parí nìyẹn. Ẹ má pariwo, ẹ má bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ọ tán, kẹ́ ẹ ní ẹ gbà á gbọ́, kẹ́ ẹ sì gbé ìgbésẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn tó parí

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ wáàsù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jó orin ìkẹyìn, ẹ jó díẹ̀ pẹ̀lú wọn bí orókún bá gbà. Ìgbà tí ẹ bá ń fọ abọ́ pọ̀, tàbí tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọjú síra, ni ọmọ tó ń bàlágà máa ń sọ̀rọ̀ jù.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé ìwé jáde. Ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òbí pẹ̀lú. Ẹ fa ìlà méjì kó lè pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́: ohun tí wọ́n bí mọ́ mi (orúkọ, oríkì, ilé, ojú, ohùn). Èkejì: ohun tí wọ́n kọ́ mi, yálà mo fẹ́ tàbí n kò fẹ́. Ẹ̀kẹta: ohun tí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi mú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí sísọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá wù ló máa kà nínú tirẹ̀, ohun tó bá sì wù ú nìkan. Òbí ló kọ́kọ́ máa kà, kó sì ka ohun kan tó jẹ́ òótọ́ nínú ìlà kejì. Ọmọ tí kò mọ oríkì rẹ̀ láti kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́, iṣẹ́ yín nìyẹn, ẹ fi fóònù pe àwọn àgbà ilé.

Ohun tó máa ń ba eléyìí jẹ́ kò ju méjì lọ. Ọ̀kan ni kí òbí gba ìwé ọmọ kó máa kà á fún àǹtí lórí fóònù. Ọmọ kò ní í kọ òótọ́ mọ́ láyé. Ìkejì ni kí òbí fi fíìmù ṣe ọfà: "Ṣé o rí Evie tó ń kàwé? Ìwọ ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù náà ṣe máa di ọ̀tá ọmọ.

Àwọn tó tẹ̀lé e

Èkejì jáde ní July 21, 2017: Uma, ọmọ Ursula, tí wọ́n kò yàn nígbà àkọ́kọ́, ń bínú, Mal náà sì sá padà sí erékùṣù torí ó rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣe bí ọmọ ọba. Ó dáa fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ilé ìwé padà. Ẹ̀kẹta jáde ní August 2, 2019. Ọmọ yín á wá a lórí fóònù, á sì rí i pé Cameron Boyce tó ṣe Carlos kú ní July 6 ọdún yẹn, ní ọmọ ọdún 20, kí fíìmù náà tó jáde. Wárápá ló fà á. Ẹ sọ fún un ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi kún un pé wárápá kì í ràn, itọ́ ẹni tó ń ṣe kì í kó o ran ènìyàn, ọmọ tó ní in ní kíláàsì kò yẹ ní sísá fún. Descendants: The Rise of Red tẹ̀lé e ní July 12, 2024, ọmọ mìíràn ló dá lé lórí, ẹ lè dúró pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀.

Nínú ẹ̀kẹta ni bàbá Mal ti jáde, Hades, tó ti fi òun àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láti kékeré. Ilé tí bàbá kò sí, tàbí tí ìyá kò sí, ẹ má jẹ́ kó dé bá ọmọ lójijì láàárín àwọn ará ilé. Ẹ sọ ọ́ fún un lójú rẹ̀ nìkan, ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó wò ó, kó lè pinnu bóyá òun àti ẹ̀yin méjì péré ló fẹ́ kẹ́ ẹ jọ wò ó.